Ohùn Tí Wọ́n Fi Ṣe Èènì

Obìnrin kan ṣoṣo ni Olóhùn-Méje, ṣùgbọ́n bí fíìmù òkèèrè bá wọ̀lú, òun ni ìyàwó inú rẹ̀, òun ni ìyá ọkọ, òun ni ọmọ tó ń sunkún, bí ajá bá sì wà níbẹ̀, òun náà ni ajá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó jókòó sínú yàrá kékeré kan tí wọ́n fi tìmùtìmù bo ògiri rẹ̀, kó máa wo ẹnu àwọn àjèjì inú fíìmù, kó sì máa fi èdè wa sí wọn lẹ́nu.

Òfin ìlú ló wà lẹ́yìn iṣẹ́ náà. Fíìmù tí ò bá tíì sọ èdè wa, kò gbọdọ̀ dé tẹlifíṣọ̀n tàbí ilé sinimá. Òfin yẹn ló ń jẹ́ kí màmá àgbà tí ò gbọ́ èdè mìíràn jókòó ti ọmọ-ọmọ rẹ̀, kí àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín sí ohun kan náà.

Wọn kì í kọ́kọ́ gbọ́ ohùn níbi iṣẹ́ yẹn o. Ẹlẹ́rọ wọn, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Eléti-Ehoro nítorí etí rẹ̀ tó yọ síta, á kọ́kọ́ pa ohùn fíìmù náà pátápátá.

"Ẹnu ni kẹ́ ẹ wò," ni yóò wí. "Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ohùn olóhùn, ohùn tirẹ̀ á sá lọ."

Wọ́n á wá máa wo ètè, bó ṣe ń pàdé, bó ṣe ń là. Ọdún ń gorí ọdún, Olóhùn-Méje wá débi pé bí ènìyàn méjì bá ń sọ̀rọ̀ ní òdìkejì títì, yóò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Àwọn aládùúgbò ò jẹ́ ṣòfófó níwájú fèrèsé rẹ̀ mọ́.

Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ ìyá rẹ̀, abẹ́ tábìlì yàrá yẹn ló dàgbà sí. Ìyá wọn ti kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló pọ̀n ọ́n. Ohùn yìí náà ló rán an lọ síléèwé, títí tó fi di ọ̀gá àwọn tí ìjọba ń rán lọ bá orílẹ̀-èdè mìíràn dúnàá-dúrà lórí òwò.

Ìgbà tó yá, orílẹ̀-èdè ńlá kan ní àwọn á máa ra ẹja wa láìgba owó ibodè, ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ pa òfin fíìmù wa rẹ́, pé ó ń dí ọjà àwọn lọ́wọ́. Àwọn orílẹ̀-èdè kéékèèké mìíràn ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn fìmọ̀ ṣọ̀kan pé kò sẹ́ni tó máa gbà, wọ́n sì fi àbúrò yìí ṣe agbẹnusọ wọn. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti wó nìyẹn.

Ó wá sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣáájú ìpàdé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fòyà. Èdè ẹni kì í ṣe ọjà. Bí mo bá fi lé wọn lọ́wọ́, ẹ má pè mí lọ́mọ ìyá yín mọ́."

"Má búra, ọkọ mi. Ta ló ní kó o búra?"

"Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wá síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kí wọ́n fi etí ara wọn gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa."

"Èmi? Níwájú àwọn onítáì wọ̀nyẹn? Kí n lọ máa gbó bí ajá fún wọn?"

"Àní kẹ́ ẹ gbó gan-an!"

Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì.

Òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti ṣe ìpàdé náà. Bàtà tuntun ń jẹ Olóhùn-Méje lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ó rọ́jú rìn lọ síwájú. Eléti-Ehoro tan fíìmù sára ògiri, ó pa ohùn rẹ̀. Ìyá kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń jà nínú fíìmù náà, tí wọ́n wá ń bẹ ara wọn. Olóhùn-Méje fi ohùn sí ìyá, ó fi sí ọmọ, nígbà tí ajá sì wọlé, ó gbó. Àwọn àjèjì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìyá ní kí ọmọ máa bọ̀ nílé, ọ̀gá àwọn àjèjì, obìnrin orí-ewú kan, yọ áńkáṣíìfù. Gbogbo ilé dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Àbúrò rẹ̀ ló pa tirẹ̀ kíkan jù.

Àwọn ọ̀gá wá wọ yàrá onígíláàsì kan lọ láti parí ọ̀rọ̀. Ohùn kì í jáde níbẹ̀. Olóhùn-Méje àti Eléti-Ehoro jókòó sí ìta, wọ́n ń mu tíì. Kì í ṣe pé Olóhùn-Méje fẹ́ tojú bọ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó kàn fẹ́ wo àbúrò rẹ̀ kí inú rẹ̀ dùn sí i ni. Àbúrò kọjú síta, ó fẹnu sún mọ́ etí akọ̀wé rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, tíì yín ń dà o," ni Eléti-Ehoro wí.

"Dákẹ́. Mò ń ṣiṣẹ́."

Nígbà tó yá, ó gbé ife sílẹ̀.

"Ó ní kí wọ́n di ẹja mú. Ó ní ohùn làwọn ó fi ṣe èènì. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ṣáà ti jẹ́ kí wọ́n mọ iyì rẹ̀ láàárọ̀ yìí."

"Bóyá ẹ ò rí i dáadáa. Gíláàsì yẹn ń dán."

"Ẹnu tí mo fi oúnjẹ sí, ṣé èmi ni n ò ní mọ̀?"

Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Òun tó rò pé òun wá gbèjà òfin náà, àṣé wọ́n ní kó wá polówó rẹ̀ ni.

Àbúrò jáde, ó fajú ro bí ẹni tí òkú kú fún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, a jà, a jà, wọn ò gbà. Agbára wọn ju tiwa lọ."

"O jà?"

"Mo jà, ẹ̀gbọ́n mi."

"Sọ òótọ́ fún mi. Mi ò ní bínú."

"Òótọ́ náà rèé." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Àwọn oníròyìn ń dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ọ̀dọ̀ wọn, kẹ́ ẹ sọ pé a sa gbogbo ipá wa. Bó bá ti ẹnu yín jáde, ìlú á gbà."

Eléti-Ehoro mi orí pé kó má lọ. Ó lọ.

Ó dúró níwájú makirofóònù, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ ló kọjú sí. Ó la ẹnu, ètè rẹ̀ ń lọ, ètè rẹ̀ ń bọ̀, kò sì sí ohùn kankan.

"A ò gbọ́ o, màmá!" ni oníròyìn kan pariwo. "Ẹ sún mọ́ ọn!"

Ẹnì kan wá gbá makirofóònù náà pẹ́pẹ́. Kò sóhun tó ṣe é. Olóhùn-Méje tún un sọ, ó rọra sọ ọ́, bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ fún ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́: *Ẹja ni kí ẹ dì mú. Ohùn la ó fi ṣe èènì.*

Nínú gbogbo èrò yẹn, Eléti-Ehoro, tó sorí kọ́, àti ẹni tó dàgbà sábẹ́ tábìlì nìkan ló mọ ohun tó wí. Àbúrò náà la ẹnu tirẹ̀, kò jẹ́ kí ohùn jáde.

*Ẹ̀gbọ́n mi,* ni ètè rẹ̀ wí, *ẹja ni ìlú ń jẹ. Ìlú kì í jẹ...*

Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ yẹn, Olóhùn-Méje ò rí ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ kó gbójú kúrò rí. Ó gbójú kúrò. Ó bọ́ bàtà tó ń jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀, ó kó o sọ́wọ́, ó ń lọ. Ètè àbúrò rẹ̀ ṣì ń lọ lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá a fi ohùn sí i.