Ìyá Má-Kọ́lé

Ọkọ̀ náà gbá nǹkan lábẹ́, ó mì, ó sì dúró gbọn-in bí ẹni tí wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Atukọ̀ fi àjẹ̀ gún ìsàlẹ̀ omi wò. Àjẹ̀ náà kò tíì rì dé ìdajì tó fi kan ilẹ̀. Ó yọ ọ́, ó wo ẹnu rẹ̀, ó fi ìka kan nù ún.

"Iyanrìn ni," ló wí. "Iyanrìn tuntun ni, Dókítà. Kò tilẹ̀ tíì mọ̀ pé inú omi lòun wà."

Obìnrin tó pè ní Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Kí ọkùnrin náà tó sọ pé kó rọra, ó ti fi bàtà róbà rẹ̀ gígùn bọ́ sílẹ̀. Níbi tó yẹ kí omi ti mù ún dé itan, ọrùn ẹsẹ̀ ni omi mọ. Níbi tó yẹ kí koríko inú omi ti máa lọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí àgbàlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Ó rìn síwájú títí omi fi tán. Ó bá ara rẹ̀ lórí iyanrìn funfun tí ẹsẹ̀ katapílà ti fà ní ìlà-ìlà títí dé òkè, níbi tí ọkọ̀ akóyanrìn kan dúró sí, tí kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀.

Omi ń dún pàrà-pàrà lẹ́yìn rẹ̀. Ó yíjú padà. Àwọn ẹja ti dé. Àsìkò wọn nìyí. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń ti inú ibú adágún náà wá sí apá ibí yìí, tí omi kò ti jìn, tí koríko sì pọ̀, láti wá yé ẹyin wọn mọ́ ara ewé. Ikùn wọn ti wú. Wọ́n ń fi imú gbá etí iyanrìn náà, wọ́n á ṣẹ́rí padà, wọ́n á tún wá, bí èèyàn tó dé ilé rẹ̀ tó bá ògiri níbi tí ilẹ̀kùn wà tẹ́lẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ, Dókítà," Atukọ̀ wí. Kò fi ti ẹ̀fẹ̀ ṣe mọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò wọ́n mọ́."

Ṣùgbọ́n wíwo omi ni iṣẹ́ rẹ̀. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló jọ dá ilé-iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé sétí odò, tàbí tó fẹ́ la ọ̀nà gba inú àbàtà, á gbà wọ́n pé kí wọ́n wá wò ó bóyá iṣẹ́ náà kò ní pa omi àti ohun tó ń gbé inú rẹ̀ lára. Ẹ̀gbọ́n ló ń wá iṣẹ́, àbúrò ló ń wọ omi. Ẹ̀gbọ́n ní kóòtù, ó ní ẹnu tí í mú ọbẹ̀ dùn láìní iyọ̀. Àbúrò ní bàtà róbà, ó sì lè wo ẹyin kan ṣoṣo kó sọ irú ẹja tó yé e. Àwọn akọ́lé kò fẹ́ràn rẹ̀. Ìyá Má-Kọ́lé ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, nítorí bó bá ti jáde nínú omi, ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń kọ́kọ́ tẹnu rẹ̀ bọ́ ni pé kí wọ́n má kọ́lé síbẹ̀. Ó mọ̀ pé wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn ju oyè tó gbà ní yunifásítì lọ.

Ìdí nìyí tí inú rẹ̀ fi dùn nígbà tí Ẹnjiníà dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọkùnrin náà ni ọ̀gá iṣẹ́ fún àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé ńláńlá sí etí adágún náà. Dípò kó rán ọmọṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló wá. Ó bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó sì bá a wọ inú ọkọ̀ yìí kan náà. Ó ní òfin ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ba ibi tí ẹja ń yé sí jẹ́, pé òun fẹ́ mọ ibẹ̀ kí katapílà òun má bàa ṣèèṣì yà síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, ó gbé ewé kan tí ẹyin àwọn ẹja tó tètè dé lẹ̀ mọ́ sókè sí oòrùn, ó wò ó pẹ́.

"Ó mà rẹwà o," ló wí. Ó wá bi í pé, "Ṣé ibí nìkan ni wọ́n ń yé sí, Dókítà?"

"Ibí nìkan ni. Ní gbogbo adágún yìí, kò sí ibòmíràn."

Ọwọ́ méjèèjì ni Ẹnjiníà fi bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ẹnikẹ́ni ti tẹ́tí sí i tó bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, àṣé ata ló ti fi sẹ́nu.

Bí òun àti Atukọ̀ ṣe gúnlẹ̀ lónìí, kò tíì bọ́ bàtà tó fi pe obìnrin tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ omi ní ọ́fíìsì ìjọba. Ó ròyìn ohun tó rí fún un.

"Ó mà ṣe o," obìnrin náà wí. "Ọ̀la gan-an la fẹ́ wá wo ibẹ̀ ká lè fi òfin dè é. Ṣé ẹja ń yé síbẹ̀ báyìí?"

"Báwo ni wọ́n ṣe máa yé síbẹ̀? Mo ní iyanrìn ni!"

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. "Dókítà, ibi tí ojú wa bá rí ẹja tó ń yé lòfin ní ká dáàbò bò. Kò sí òfin tó ń dáàbò bo iyanrìn."

"Wọ́n mọ̀ pé ọ̀la lẹ̀ ń bọ̀. Ta ló sọ fún wọn?"

"Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ló ti jáde o. Èmi àti ẹ̀gbọ́n yín nìkan la jọ dá ọjọ́ náà."

Ilé alájà méjì ni ọ́fíìsì wọn. Nísàlẹ̀, àwọ̀n rọ̀ sára ìṣó, bàtà róbà tò sẹ́nu ọ̀nà bí àwọn ọmọ tó ń retí oúnjẹ, òórùn sípíríìtì tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹja sínú ìgò sì gba gbogbo yàrá. Ọmọbìnrin tó máa ń fi maikirosíkóòpù wo nǹkan gbé ojú sókè, ojú rẹ̀ ń dán. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti nu gíláàsì rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ṣé ẹ mú ẹyin wá fún mi?"

Dókítà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó gun àtẹ̀gùn, ó sì wọ yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láìkan ilẹ̀kùn. Bọ̀dá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó wo ojú rẹ̀, ó sọ fún ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ pé òun á padà pè é, ó sì gbé fóònù náà dojú bolẹ̀.

"O tètè dé."

"Bọ̀dá mi, ṣé ẹ̀yin lẹ sọ fún wọn pé ọ̀la ni ìjọba ń bọ̀?"

Ó nawọ́ sí àga. "Jókòó."

"Mo tutù. Kápẹ́ẹ̀tì yín á bàjẹ́."

"Jókòó, jọ̀ọ́."

Kò jókòó. Omi ń kán láti ara bàtà rẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, tó, tó, tó.

"Wọ́n bi mí ni," Bọ̀dá wí níkẹyìn. "Mo dá wọn lóhùn. N kò bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe."

"Ẹ mọ̀."

"Mo fura. Ìfura kì í ṣe ìmọ̀. Ṣebí ìwọ lo máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ayé?" Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. Ó jọ ẹni tí kò sùn. "Ṣé o mọ iye ilẹ̀kùn tí mo ti kàn lọ́dún yìí? Bí mo bá ti dárúkọ wa, wọ́n á ní, 'Àwọn Ìyá Má-Kọ́lé ni?' Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì tì í mọ́ mi lójú. Kò sẹ́ni tó ń pè wá mọ́. Ọmọ tó wà lórí maikirosíkóòpù nísàlẹ̀ yẹn, ta ló fẹ́ sọ fún un pé kó máa lọ sílé? Ṣé ìwọ ni?"

"Nítorí náà lẹ ṣe tà mí."

"N kò tà ọ́." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó wò ó lójú kòrókòró. "Èmi ò mọ ibẹ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀ so mí rọ̀, n kò lè fi ibẹ̀ han ẹnikẹ́ni. Ta ló fi ọkọ̀ gbé Ẹnjiníà lọ? Ta ló ní ibẹ̀ nìkan ni?"

Dókítà gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lórí omi lọ́jọ́ náà, bó ṣe dá ṣáká, bó ṣe dùn mọ́ ọn lẹ́nu láti jẹ́ ẹni tó mọ̀.

Bọ̀dá dìde. Ó ti rí i pé ọ̀rọ̀ òun wọlé jù. "Àbúrò mi, má bínú." Ó fẹ́ fọwọ́ kàn án léjìká, ó sì tún fà á padà. Ọkùnrin yìí ló kọ́ ọ ní omi wíwẹ̀, tó fi àtẹ́lẹwọ́ gbé àyà rẹ̀ ró nínú omi títí ẹ̀rù fi kúrò lára rẹ̀. Àbúrò fẹ́ kórìíra rẹ̀, kò rí ibi dì mú.

"Ẹnjiníà ní kí n kí ọ," Bọ̀dá wí jẹ́jẹ́. "Ó ní o mọ iṣẹ́ rẹ. Ó fẹ́ kó o bá àwọn yí etí omi ká, bóyá àwọn ẹja yẹn ti wá ibòmíràn lọ. Wọn ò fẹ́ kí òfin tún já lù wọ́n lójijì."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa á. Ẹ̀rín náà kò dára, ó sì pẹ́ kó tó tán. "Màá lọ wò ó," ló wí, ó sì jáde.

Kì í ṣe nítorí Ẹnjiníà ló ṣe lọ. Kò lè lọ sílé kó lọ jókòó, nígbà tó mọ̀ pé àwọn ẹja yẹn ṣì ń fi imú gbá iyanrìn. Ó fi ẹsẹ̀ rìn yí etí adágún náà ká. Ó kọjá ilé-iṣẹ́ ọṣẹ àtijọ́ tí wọ́n ti tì pa, ó gba ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò, níbi tí gọ́tà ńlá kan ti ń da omi rẹ̀ sínú adágún. Òjò ti mú kí gọ́tà náà kún bo koríko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀rá, ike àti táyà tó ti gbó ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Òórùn ibẹ̀, imú lásán ò lè gbà á.

Ohun tó gbọ́ ni ó mú un dúró. Pàrà. Ó tún dún. Pàrà-pàrà.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wà níbẹ̀. Wọ́n ti gba ẹnu gọ́tà wọlé, wọ́n ń fi ikùn ha ara koríko tí omi bò mọ́lẹ̀. Níbi tí koríko kò tó, wọ́n ń yé e mọ́ ara okùn tó já, mọ́ ara táyà. Ẹyin wọn mọ́ gaara nínú omi burúkú yẹn bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já sílẹ̀. Ayọ̀ gbá a láyà kó tó ráyè rò ó. Ọwọ́ rẹ̀ ti wọ inú àpò, ó ti mú ìgò jáde, ó ti ń ṣí ìdérí rẹ̀, ó fẹ́ fi fóònù ya ibẹ̀. Fóònù náà dún lọ́wọ́ rẹ̀. Bọ̀dá ni.

"Ibo lo wà?"

"Etí omi."

"Ṣé o rí wọn? Ẹnjiníà tún ṣẹ̀ṣẹ̀ pè ni."

Ó wo gọ́tà náà. Kì í ṣe ilẹ̀ Ẹnjiníà, kò sì sẹ́ni tó ń bá ẹnikẹ́ni du irú ibẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni ò bá mọ ohun tó wà níbẹ̀, ta ló máa fi iyanrìn rẹ̀ ṣòfò lórí ìdọ̀tí? Ó rò ó láti pe obìnrin ọ́fíìsì ìjọba. Ìyẹn á dá ọjọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá sì ti dá, etí á gbọ́ ọ, kó tó pé, katapílà á ti débẹ̀ ṣáájú wọn. Abo ẹja kan fi ikùn ti koríko, ó gbọ̀n, ó sì yé.

"Rárá," ló wí. "Wọn ò wá. Omi ìdọ̀tí lásán ni gbogbo ẹ̀gbẹ́ ibí."

"O wò ó dáadáa?"

"Bọ̀dá mi, mo ní kò sí nǹkan kan."

"Ó dáa. Màá sọ fún wọn bẹ́ẹ̀."

Bọ̀dá kò bi í mọ́. Ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn, kò tíì gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí lórí ọ̀rọ̀ omi, kò mọ bó ṣe máa ń dún. Ó sì ya Dókítà lẹ́nu bí irọ́ náà kò ṣe ni ín lára tó.

Ó dé ìgò náà padà láìbu omi sí i. Ó yẹ kó dìde, ṣùgbọ́n kò lè gbé ojú kúrò.

"Màdáámù!" Ọkùnrin kan tó ń fọ mọ́tò ti dá iṣẹ́ dúró, àkísà ń kán omi lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí lẹ̀ ń wò níbẹ̀? Ṣé nǹkan yín jábọ́ ni?"

"Rárá o. Mo kàn ń sinmi ni."

"Ibí lẹ wá ń sinmi sí?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń bọ̀, ó ti ń na ọrùn kó lè rí ohun tó ń wò.

Ìgbà yẹn ló tó yé e. Ẹni tó bá dúró ti omi tó ń wò ó, ìka ló ń nà sí i fún gbogbo ayé.

Ó dìde kíá. Ó lọ pàdé ọkùnrin náà lọ́nà, ó kọ ẹ̀yìn sí gọ́tà, ó sì bi í ní ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò lọ sáàárín ìlú, ọ̀nà tó mọ̀ bí ẹní mowó. Ọkùnrin náà yí padà, ó fi àkísà júwe ọ̀nà fún un, ó sì júwe rẹ̀ dáadáa. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gba ibi tó júwe lọ, kò bojú wẹ̀yìn. Ní àmọ́dún, bí àsìkò àwọn ẹja náà bá tún dé, kò ní wá wò wọ́n, kò sì ní mọ̀ bóyá wọ́n wá.