Díákónì Tí Kì Í Fẹnu Kan Ọtí

Ẹni tó bá purọ́ fún ìyàwó rẹ̀ lè mú un jẹ. Ẹni tó bá purọ́ fún ìjọ lè di olórí akọrin. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá purọ́ fún nọ́ọ̀sì, ara rẹ̀ ló ń tàn.

Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí Fèyísọ́lá ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ẹdẹ kí àwọn ológun tó gbàjọba, kí wọ́n tó ní kí gbogbo wa fún ìgbànú mọ́ra, bí ẹni pé ìgbànú ṣì kù. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí wọ́n gbé Díákónì Ọláyínká dé, tó ká jọ, tó ń bì, tó ní inú ń gún òun já ẹ̀yìn, òórùn ògógóró ló kọ́kọ́ kí nọ́ọ̀sì kí aláìsàn tó kí i.

Dókítà ní ẹ̀yà ara kan tó sá pamọ́ sẹ́yìn àpòlúkù ló wú. Oje tó yẹ kó fi da oúnjẹ, ara tirẹ̀ ló fi ń dà. Díákónì ò gbọdọ̀ jẹ, kò gbọdọ̀ mu, omi tí wọ́n ń fà sínú iṣan nìkan ni. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Yẹ́misí, ló sáré ra omi náà wá láti Òṣogbo, torí bẹ́ẹ̀dì nìkan ló kù tí ọsibítù ń fúnni. Fèyísọ́lá fà á sí i lára, ó ń wọn ìtọ̀ rẹ̀, ó ń gún un lábẹ́rẹ́ tí ń pa ìrora.

“Ṣé ẹ máa ń mutí, sà?”

“Ọtí kẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!” Ìyá Yẹ́misí ló dáhùn. “Òun ló ń ka májẹ̀mú ìjọ Onítẹ̀bọmi sí wa létí lóṣooṣù, pé a ò ní mutí, a ò ní tà á!”

Díákónì dijú bí ẹni ń gbàdúrà. Fèyísọ́lá ní òun gbóòórùn rẹ̀. Dókítà ní imú kì í ṣe ẹlẹ́rìí, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé kì í mu.

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Ajé, Díákónì ń làágùn, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n rìrì. Ó dìde jókòó, ó nàka sí ògiri tó mọ́ foo. “Ẹ̀yin eèrà wọ̀nyí, ẹ tò! Ẹ tò sórí ìlà! Ẹ ò gbọ́ ohun tí sójà wí ni?”

Ẹ̀rín fẹ́ pa Fèyísọ́lá, ẹ̀rù sì bà á. Ọtí ti mọ́ ọn lára; bí wọ́n ṣe já a gbà lẹ́nu rẹ̀ lójijì ló mú kí ara rẹ̀ máa jà. Bí wọn ò bá tètè fún un lábẹ́rẹ́ tí yóò mú ara rẹ̀ rọlẹ̀, gìrì lè gbé e lọ.

“Bó bá jẹ́ nǹkan mìíràn ló ń ṣe é, abẹ́rẹ́ yẹn lè pa á,” dókítà wí. “Ẹ wá ẹni tó máa jẹ́rìí sí i fún mi, kó sọ iye tó ń mu.”

Ibi tí wọ́n bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí Alàgbà Àtàndá, olórí àwọn díákónì ìjọ náà, fi wọlé pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́ta. Wọ́n ní ẹ̀mí èṣù ni, àwọn ń gbé e lọ sílé àdúrà kan lọ́nà Sẹ̀kọ̀nà. Ìyá Yẹ́misí ti ń di ẹrù.

Fèyísọ́lá dí ẹnu ọ̀nà. “Èṣù wo? Ẹ má da èṣù láàmú! Ọtí ni! Bí ẹ bá gbé e jáde, òkú lẹ máa gbé débẹ̀. Ẹnì kan mọ iye tó ń mu. Kó sọ ọ́!”

“Ẹ fẹ́ ba ọkọ mi lórúkọ jẹ́!”

“Orúkọ rere sàn ju wúrà lọ, mà, ṣùgbọ́n kí ni òkú fẹ́ fi ṣe?”

Àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà ti di etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì mú. Alàgbà ò fọwọ́ kàn án. Ó ń wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń bá eèrà jà.

“Ẹ fi í sílẹ̀,” ó wí. “Ìgò kan àbọ̀ ni lójúmọ́. Ògógóró gidi, kò lómi nínú. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló mu èyí tó kẹ́yìn.”

“Báwo lẹ ṣe mọ̀, sà?” Fèyísọ́lá bi í.

“Nínú yàrá tí a ń kó ìwé orin sí ló ti ń mu ún. Èmi ni mò ń bù ú fún un.”

Ìyá Yẹ́misí jókòó lórí ẹrù tó dì. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà pariwo “Jésù!”, ó sì jọ pé kì í ṣe àdúrà. Dókítà kọ̀wé, Fèyísọ́lá gún abẹ́rẹ́. Kò pẹ́ tí Díákónì fi ní kí àwọn eèrà máa lọ sílé, ó sì sùn lọ fọnfọn.

Àwọn tó kù lọ. Alàgbà ò lọ.

“Wọ́n á gba ipò lọ́wọ́ yín o, sà,” Fèyísọ́lá wí.

“Wọ́n á gbà á.” Ó yọ ọwọ́ méjèèjì jáde lábẹ́ agbádá. “Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e wá, ẹ̀rù ò jẹ́ kí èmi náà tọ́ ògógóró wò mọ́. Sístà, ẹ bá mi wò ó.”

Fèyísọ́lá di àwọn ọwọ́ náà mú. Àánú rẹ̀ ṣe é. Wọ́n ń gbọ̀n ju ti Díákónì lọ.

“Ẹ má lọ sílé lónìí, sà,” ó wí, ó sì lọ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì kejì.