Ẹ̀wù tó Pe Modu Guguwa Níjà

Motúnráyọ̀ kì í jókòó sójú kan. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé bí wọ́n bá so ó mọ́ òpó, òpó náà yóò rìn. Inú bárékè ni wọ́n bí i sí ní Maiduguri, ọmọ Sájẹ́ǹtì Dúrósinmí ni, Hausa ló sì kọ́kọ́ yọ lẹ́nu rẹ̀ kí Yorùbá tó bá a níbẹ̀. Nígbà tó fi wọ ọdún kẹta ní yunifásítì, ìwé nìkan kò tó fún ọwọ́ rẹ̀ tó ń yún un. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ẹ̀wù.

Kì í ṣe ẹ̀wù ìjọ, kì í ṣe ẹ̀wù ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀wù ìjà ni. Dúdú kirimú, ọwọ́ péńpé. Ó tẹ àwòrán ìkúùkù tí wọ́n fi okùn wé sí àyà rẹ̀, bí àwọn onídambe ṣe ń wé tiwọn, ìyẹn àwọn tó ń ja ìjà ẹ̀ṣẹ́ ilẹ̀ Hausa. Ó kọ NAUSHI sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ló wá gbé ọ̀rọ̀ sí, pẹ̀lú ọ̀dà pupa bí ẹ̀jẹ̀ àgbò: Ni ne Guguwa, wa zai tare ni? Èmi ni Ìjì, ta ni yóò dá mi dúró?

Ọ̀rọ̀ yẹn ti wà létí rẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́fà. Bàbá rẹ̀ gbé e kọ́rùn lọ wo dambe ní Gwange, ó sì gbọ́ tí ọkùnrin kan ké e, tí pápá mì. Kò rántí ojú ọkùnrin náà. Ó rántí pé gbogbo irun ara òun dìde.

Ẹ̀wù náà tà. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ọmọkùnrin tí kò lè pa adìẹ yóò wọ NAUSHI, yóò sì máa fi èjìká ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ wo Oyèwálé, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, ẹni tí atẹ́gùn ọyẹ́ lè gbé láti Bolori dé Dikwa láìsinmi. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, oníkẹ̀kẹ́ pè é ní ọ̀gá, ọlọ́jà kò bá a jiyàn, láti ìgbà náà ló sì ti ń rìn bí ẹni tó ha bàrà sí abíyá méjèèjì. Kò gbá ẹnikẹ́ni létí rí láyé. Aṣọ ló ń bá a halẹ̀, òun kàn ń tẹ̀lé e lẹ́yìn ni.

Ọgọ́ta ẹ̀wù ti jáde kí ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tó dé, tí Oyèwálé wá bá a lọ́sàn-án gangan. Ó ti yí ẹ̀wù rẹ̀ sódì, ojú rírán ló kọ síta.

"Ráyọ̀, o ti pa mí."

Ó béèrè ẹni tó lù ú. Oyèwálé ní kò tíì sí ẹni tó lu òun, ìyẹn gan-an ló ń da òun láàmú. Ó ń gba Gwange kọjá ni, àwọn ọmọ ìsọ̀ ẹran kan dá a dúró, wọ́n ka ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ní ta ló rán an níṣẹ́. Ẹnu wọn ló ti gbọ́ pé Guguwa kì í ṣe òwe, ènìyàn ni. Modu lorúkọ rẹ̀, alápatà ni, ó wà láyé, ó ń jẹun. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ẹ̀wù yẹn, kirari rẹ̀ ni, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ajàjà fi ń gbé ara rẹ̀ ga kó tó nawọ́. Ní pápá tiwọn, ẹnu ẹni tó ni ín nìkan ló gbọ́dọ̀ ti jáde. Bí ẹnu mìíràn bá sọ ọ́ nígbà tí olúwa rẹ̀ wà láàyè, ìjà dé nìyẹn: bóyá wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, bóyá òun ló rán wọn kí wọ́n máa fi pe ìlú níjà.

Motúnráyọ̀ rẹ́rìn-ín. "Kí ló wá burú ńbẹ̀? Mo kì í ni. Bí mo bá ki bàbá rẹ lóríkì, ṣé á bọ́ agbádá kó ní ká jà?"

"Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi. Orí rẹ̀ á wú, á pọ́n ẹ lé. Tiwọn kọ́ nìyẹn, Ráyọ̀. Kolo ti jáde."

Kolo yìí, ọmọ Ngomari ni, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, láti ọdún tó kọjá kò sí ẹni tó tíì fi ẹ̀yìn rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó rí ẹ̀wù náà káàkiri ìlú, ó ní Modu ló ń bi òun léèrè. Ní Jímọ̀ tó kọjá ló dúró láàárín pápá, ó ní: ta ni yóò dá a dúró? Èmi ni. Jímọ̀ tó ń bọ̀, kí Modu jáde wá, tàbí kó gbé orúkọ náà kalẹ̀.

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Motúnráyọ̀.

Òógùn Oyèwálé kò tíì gbẹ tí Motúnráyọ̀ fi dé Gwange. Ìsọ̀ ẹran ni wọ́n júwe fún un, ó sì bá ọkùnrin ńlá kan níbẹ̀, ó sún mọ́ àádọ́ta ọdún, ikùn rẹ̀ ṣíwájú rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ òsì gé ẹran. Ọwọ́ ọ̀tún wà nínú ẹ̀wù ńlá tó wọ̀. Motúnráyọ̀ kúnlẹ̀ sínú eruku. Ó pè é ní Kawu, bí ọmọ ṣe ń pe àbúrò ìyá rẹ̀ tó bá fẹ́ bẹ̀ ẹ́, ó sì ro gbogbo rẹ̀ láìbo ìkankan: òun ló tẹ ẹ̀wù, òun ló kọ ọ̀rọ̀, òun rò pé bí ẹni ń yin ènìyàn ni.

Modu kò dáwọ́ ẹran dúró. Ó bi í níbo ló ti gbọ́ ọ. Motúnráyọ̀ ní ọrùn bàbá òun ni. Ọ̀bẹ dúró. Modu bi í ta ni òun bá jà lọ́jọ́ náà. Motúnráyọ̀ ní òun kò mọ̀ ọ́n, pé ọkùnrin náà wọ ṣòkòtò funfun, ó sì fi ẹ̀yìn wó ọgbà.

"Ọmọ Biu ni," Modu wí, gbogbo eyín rẹ̀ sì yọ síta. "Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ẹrù gbé e lọ sílé."

Kò bínú. Ìyẹn gan-an ló gún Motúnráyọ̀ lọ́kàn jù. Modu ní ọjọ́ tí àwọn ọmọ ìsọ̀ kọ́kọ́ fi ẹ̀wù yẹn han òun, òun gé ẹran ọ̀fẹ́ fún gbogbo wọn, nítorí òun kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ṣì rántí. Bó ti ń sọ̀rọ̀ ni obìnrin kan na ọ̀rá sí i kó bu ẹran sí i. Modu gbàgbé ara rẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún. Ọ̀rá bọ́ sílẹ̀. Motúnráyọ̀ rí ọwọ́ náà: ìka mẹ́ta le gbagidi bí igi ìdáná, méjì yòókù ká kò, wọn kò lè pàdé ara wọn. Modu fi ọwọ́ òsì ṣa ọ̀rá, ó ta obìnrin náà lẹ́ran, ó dúró dìgbà tó lọ.

"O kò rí nǹkan kan," ó ní.

"Kawu, ẹ má lọ ní Jímọ̀."

"Bí n kò bá lọ, wọ́n á wádìí ìdí. Bí mo bá lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ni yóò dáhùn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa ń jinná, ọmọ mi."

Ní Ọjọ́rú, Motúnráyọ̀ wá Kolo lọ sí Ngomari. Ibi tó ti ń lẹ táyà ló bá a, NAUSHI lọ́rùn rẹ̀, ó ti já ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dànù kí apá rẹ̀ lè yọ. Ọmọlúàbí ni ọmọ náà. Ó fa àga fún un, ó fún un lómi. Ó ní òun kò bá Kawu Modu ṣọ̀tá, ẹran rẹ̀ ni ìyá òun máa ń sè.

"Ìbéèrè lẹ kọ síbẹ̀, Anti," ó ní. "Mo dáhùn ni."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó lè tú ìjà náà ká wà lábẹ́ ahọ́n Motúnráyọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni, ó sì ti rí iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ń ṣe. Ó gbé e mì. Ó wá bi Kolo bóyá ẹlòmíràn lè gba ìjà náà jà. Kolo ní ẹnikẹ́ni tó bá wọ pápá, tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ kirari yẹn, tó sì nawọ́, ẹni náà ni òun yóò bá jà.

Ló bá gbéra. Láti àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, láti ilé gbígbé akẹ́kọ̀ọ́ kan dé òmíràn, ó ń wá ọkùnrin kan nínú ọgọ́ta. Ọ̀kan ní òun ní ìdánwò. Ọ̀kan ní ìyá òun lá àlá. Akẹ́kọ̀ọ́ òfin kan, tí àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn gáréèjì, ní òun rà á nítorí pé aṣọ dúdú máa ń jẹ́ kí òun tẹ́ẹ́rẹ́. Òmíràn bi í ṣé wọn yóò ya fídíò rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé wọn yóò yà á, ó tún sá ju ti ìṣáájú lọ. Oyèwálé ní tó bá jẹ́ ìjà ẹnu ni, kí wọ́n fi orúkọ òun sílẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ń fi èjìká ṣí ilẹ̀kùn," Motúnráyọ̀ wí fún wọn. "Ilẹ̀kùn ṣí báyìí, ẹ kò wọlé."

Wọ́n dá a lóhùn pé òun náà ló ń tà á, kí ló dé tí kò fi lọ. Wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ sọ́nà, ó ń fi ẹsẹ̀ rìn láti ẹnu géètì yunifásítì, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń fọn fèrè sí i. Ní gbogbo ọ̀nà ló ń wo ìkúùkù ara rẹ̀, ó ń dì í, ó ń tú u.

Jímọ̀ dé. Wọ́n kírun tán, pápá kún. Obìnrin tó wà níbẹ̀ kò ju àwọn tó ń ta ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Modu jókòó sórí àpótí, wọ́n ti fi okùn wé ọwọ́ rẹ̀ títí dé igbọ̀nwọ́, ó nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kankan kò lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kolo wọlé láìwọ ẹ̀wù kankan, ó fi ẹsẹ̀ ha iyanrìn, ó nawọ́. Ẹnì kan kígbe pé Guguwa dà? Modu gbé ọwọ́ lé orúnkún kó lè dìde.

Motúnráyọ̀ ti wà láàárín pápá kó tó mọ̀ pé òun ti gbéra. NAUSHI ló wọ̀. Ó ti fi ìborùn rẹ̀ wé ọwọ́ ọ̀tún, ó wé e ní ìwékúwèé, etí rẹ̀ ń jò lẹ̀lẹ̀. Ó na ìkúùkù náà sí Kolo lójú.

"Ni ne Guguwa," ó ní. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n. Ó tún un sọ, kò gbọ̀n mọ́. "Wa zai tare ni?"

Ẹ̀rín bú ní pápá, láti igun kan dé ìkejì. Kolo rẹ ọwọ́ sílẹ̀, ó fà sẹ́yìn. Olórí pápá, bàbá arúgbó kan tó mú ọ̀pá lọ́wọ́, ní kí wọ́n mú obìnrin yìí jáde kó tó ba ọjọ́ jẹ́. Motúnráyọ̀ kò mira. Ó ní àwọn fúnra wọn ló sọ pé ẹnu tó bá sọ ọ́ ni yóò dáhùn. Òun ti fi ọwọ́ òun sọ ọ́ nígbà ọgọ́ta, òun sì ti fi ẹnu sọ ọ́ báyìí, kí wọ́n wá fi òfin tó yọ òun sílẹ̀ han òun.

"N kò lè lu obìnrin," Kolo wí.

"O kò lè dá mi dúró nìyẹn. Máa lọ sílé."

Ẹ̀rín yí ojú padà, ó kọjú sí Kolo. Wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ ṣeré, wọ́n ní ìyàwó ti rí ọkọ. Ojú ọmọ náà dúdú. Motúnráyọ̀ rí i pé èjìká rẹ̀ ti gbéra, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti fìdí múlẹ̀, ó sì mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé yóò lu òun. Kò gbé ọwọ́ sọ̀ kalẹ̀.

"Dúró," Modu wí.

Ó ti dé àárín wọn. Ó fi eyín já kókó okùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tú u, ìyípo kan tẹ̀lé ìyípo kan. Kò sí ẹni tó rí i rí kí ajàjà tú ọwọ́ kó tó jà. Okùn ṣù sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ náà sókè, ó yí po kí gbogbo ọgbà lè rí i, ó sì gbìyànjú láti dì í. Kò dì.

"Ọdún mẹ́ta," ó ní. "Guguwa ti dúró. Ènìyàn kankan kò dá a dúró. Egungun ló dá a dúró."

Kolo ló kọ́kọ́ lọ bá a. Ó lóṣòó síwájú rẹ̀, ó kí i bí ọmọ ṣe ń kí bàbá, lẹ́yìn náà ni àwọn àgbà dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ wọn fọwọ́ kan ọwọ́ náà bí ẹni ń kí òkú ọ̀wọ́n. Olórí pápá pe ẹlòmíràn sí ìjà, ọjọ́ sì ń lọ.

Motúnráyọ̀ bá Modu níbi tó jókòó sí lẹ́yìn ọgbà. Ó fẹ́ sọ pé ẹ ṣeun. Ó fẹ́ sọ pé ẹ má bínú. Èwo ni yóò ṣáájú kò yé e, ló bá dúró, ó ń tú ìborùn.

"Ká ní o jẹ́ kó lù mí," Modu wí láìwò ó, "ọ̀la ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú, ọ̀túnla á lọ sílẹ̀. Wọ́n á ní Guguwa jà, ó ṣubú. Báyìí, wọ́n ń ṣàánú mi. O rí wọn?"

"Mo rí wọn, Kawu."

"Ìwọ lo ṣe é."

"Èmi ni."

Modu ń wo àwọn ọmọdékùnrin tó ń kọjá lójú ọ̀nà. Méjì nínú wọn wọ NAUSHI, wọ́n na àyà síta, ọ̀rọ̀ pupa ń dán lẹ́yìn wọn. Ẹnikẹ́ni kò tún ní dá wọn dúró mọ́ láti bi wọ́n ta ló ni ín.

"Ẹ̀wù mélòó ló kù?" Modu bi í.

"Méjìdínlógún."

"Mú ọ̀kan wá fún mi. Èyí tó tóbi."

Motúnráyọ̀ wo ojú rẹ̀ bóyá àwàdà ni, bóyá èébú ni, kò rí èyíkéyìí níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ojú wọn àyà ọkùnrin náà kó lè mọ ìwọ̀n tí yóò gbà á. Ojú rẹ̀ kọ̀, kò dúró síbẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún tí kò dì yẹn ló ń padà sí.