Kọ̀ǹpútà Tí Àyà Akínlóyè Lè Gbé

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dá lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tó wà ní Stretford kí Dádì tó bá mi débẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo ní kí Andrew, ọmọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀, jẹ́ kí n gbé èyí tó kéré jù lọ lé àyà mi. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé, ṣùgbọ́n ó gbé e fún mi. Mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo mí sínú, mo mí síta. Ó fúyẹ́ bí ìwé orin. Mo gbé etí lé e, kò dún. Mo gbé orí sí ọ̀tún, mo gbé e sí òsì, àwọn lẹ́tà ojú rẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀ kedere. Omi bọ́ lójú mi. Andrew béèrè bóyá nǹkan kan ń ṣe mí. Mo ní rárá, ìfẹ́ ni. Kò yé e.

Akínlóyè ni mo ń rò. Lóṣù kìíní ọdún 1996 yẹn, yìnyín yọ̀ ọ́ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé tó ń gbé, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ sì kán. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ọsibítù ńlá tó wà ní Crumpsall, dókítà sì ní kò gbọdọ̀ jókòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kó fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja. Ọdún mẹ́rin ló ti fi ń kọ thesis rẹ̀ lórí bí a ti ń kọ́ afárá. Orí ìkẹyìn nìkan ló kù. Yunifásítì ti sún ọjọ́ fún un lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní tó bá ti kọjá ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹta, ó parí nìyẹn. Ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ náà ti kọ̀wé pé bó bá ti lè jókòó báyìí, kó bọ́ sínú ọkọ̀ òfurufú padà sílé, ì báà gba oyè, ì báà má gbà á.

Mo gbìyànjú láti bá a kọ ọ́. Ó ń pè é, èmi ń kọ. Ṣùgbọ́n òfin ni mò ń kà, àwọn ìṣirò rẹ̀ ò wọ̀ mí létí. Ojú ewé kan ṣoṣo, àṣìṣe mọ́kàndínlógún. Ó ní kò burú, ó sì fi apá bo ojú. Mo mọ̀ pé ẹkún ló ń fi pamọ́ fún mi.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Bàbá mi ti kọ̀wé láti Ìbàdàn sí ẹ̀gbọ́n wọn tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Stretford, pé kí wọ́n bá mi ra kọ̀ǹpútà alágbèéká fún ẹ̀kọ́ mi. Àwọn yìí là ń pè ní Dádì, Ọ̀gbẹ́ni Albert Oyèníran, apòògùn, tí wọ́n ti lò ju ọgbọ̀n ọdún lọ ní Manchester. Mo rò ó pé bí wọ́n bá ti rà á, màá gbé e fún olólùfẹ́ mi, èmi á sì máa lo ti yunifásítì. Mi ò sọ fún wọn pé ẹnì kan wà tó ń jẹ́ Akínlóyè. Ọmọbìnrin wo ló ń sọ irú ẹ̀ fún Dádì?

Lọ́jọ́ Sátidé, Dádì wọ kóòtù, wọ́n dé fìlà, a jọ lọ. Bí Andrew ti rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbé èyí tí mo fẹ́ kalẹ̀ láìjẹ́ pé a sọ nǹkan kan. Dádì fi ọwọ́ kan gbé e sókè.

"Ṣé wọ́n rántí kó nǹkan sínú èyí ṣá?"

Wọ́n kọjá sídìí ńlá dúdú kan, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, wọ́n mí kanlẹ̀, inú wọn sì dùn. Wọ́n ní èyí ló lára, pé nǹkan tó bá fúyẹ́ tó ti àkọ́kọ́ yẹn, kí ọdún tó yí po, á ti tú ká. Andrew kọjú sí mi, ó ní èwo ni mo fẹ́. Mo ní èyí tí Dádì bá fẹ́. Ó tún béèrè. Mo tún sọ bẹ́ẹ̀. Ìgbà kẹta, ó ní ṣebí èyí tó kéré yẹn ni mo gbé lé... Mo yára mi orí kó tó pe àyà. Mo ní èyí tí Dádì bá fẹ́ ni.

Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Àgbà kì í mú nǹkan fún ọmọ kí ọmọ máa ṣa èyí tó wù ú. Mo kúnlẹ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù, mo ní ẹ ṣé, sà, ẹ ó pẹ́ fún wa. Andrew wo orúnkún mi, ó wo kékeré yẹn, ó sì gbé e padà sórí pẹpẹ. Ó dà bí ìgbà tó gbé ẹ̀mí mi lọ.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé ẹrù náà wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Crumpsall. Itan mi ti kú tipiri kí n tó sọ̀kalẹ̀. Ojú Akínlóyè là nígbà tó rí i. Mo gbé e lé e láyà, mo tàn án. Fáànù inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ẹ̀rọ ìlọta. Bàbá òyìnbó orí bẹ́ẹ̀dì kejì, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, lajú, ó sì ń kérora. Láti orí ìrọ̀rí tí Akínlóyè wà, eérú lásán ló ń rí lójú kọ̀ǹpútà náà, àfi bí mo bá tẹ̀ ẹ́ síwájú, bí mo bá sì tẹ̀ ẹ́ síwájú, ọwọ́ rẹ̀ ò tó ibi ìtẹ̀wé mọ́. Ó tẹ ìlà mẹ́rin. Òógùn bò ó.

Nọ́ọ̀sì Patience, ará Warri tó máa ń bá wa ṣàwàdà, ni ó dé. Kò ṣàwàdà lọ́jọ́ yẹn.

"My sister, abeg, off am. People dey suffer for here."

Mo pa á. Akínlóyè wo òkè àjà.

"Wẹ̀mí, gbé e kúrò. Mi ò lè mí."

Mo ní kó sinmi díẹ̀, a ó tún gbìyànjú.

"Ọjọ́ méjìlá ló kù. Mo ti ṣírò rẹ̀, kò ṣeé ṣe. Máa lọ sílé. Kí ni mo fẹ́ fi fẹ́ ọ?"

Ó yí ojú sí ògiri. Mo rò pé bí mo bá jáde kúrò ní wọ́ọ̀dù yẹn láìṣe nǹkan kan, mo ti pa á nìyẹn.

Dádì ń ka ìwé ìròyìn ní pálọ̀ nígbà tí mo gbé ẹrù náà wọlé. Mi ò bọ́ kóòtù. Mo kúnlẹ̀, mo ní kì í ṣe èmi ni mo fẹ́ fi kọ̀ǹpútà yẹn ṣiṣẹ́, mo sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, láti orí yìnyín dé orí ògiri tó kọjú sí. Wọ́n ká ìwé ìròyìn náà sí méjì, wọ́n tún ká a sí mẹ́rin.

"Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ tíṣà ni, sà, ní Òṣogbo. Ìdílé Súnkànmí."

"Ọmọ òyìnbó yẹn béèrè ohun tí o fẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta, ojú mi níbẹ̀. O ní èyí tí mo bá fẹ́. Ṣé èmi ni ẹ̀yìn ń dùn ni?"

"Mo rò pé ọ̀wọ̀ yín ni mò ń bù fún yín, sà."

"O fi ọ̀wọ̀ gbé òkúta lé aláìsàn láyà."

Wọ́n fi ìwé ìròyìn náà sílẹ̀, ohùn wọn sì rẹlẹ̀. Wọ́n ní orúkọ àwọn ló wà lórí risíìtì, àwọn á lọ pààrọ̀ ẹ̀.

"Ṣùgbọ́n èmi ni n ó gbé e lọ fún un. Ìwọ ò ní tẹsẹ̀ sí Crumpsall mọ́, títí ìwé tí bàbá ọmọ náà fi ń tọrọ rẹ yóò fi tẹ bàbá rẹ lọ́wọ́. Ọmọ tí wọ́n fi síkàáwọ́ mi ni ọ́. Ṣé o gbà?"

Bí mo bá kọ̀, màá máa rí i lójoojúmọ́, màá sì máa wo bí ayé rẹ̀ ṣe ń bà jẹ́. Bí mo bá gbà, yóò kọ ọ́ tán, mi ò sì ní sí níbẹ̀. Ọkàn mi là sí méjì bí obì.

"Mo gbà, sà."

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, Dádì gbé ńlá dúdú yẹn kalẹ̀ níwájú Andrew. Àga gbọọrọ kan wà níbẹ̀ fún àwọn oníbàárà. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n sì nà gbalaja sórí rẹ̀ tòun ti bàtà. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń wò wọ́n. Wọ́n ní kí Andrew gbé kékeré yẹn lé àwọn láyà, kó tàn án. Wọ́n di ojú, wọ́n tẹ́tí. Wọ́n la ojú, wọ́n ka ohun tó wà lójú rẹ̀ sókè láìgbé orí. Wọ́n mí, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí Andrew tún bi mí ní ohun tó bi mí lọ́jọ́sí.

"Èyí," ni mo wí.

Wọ́n ò jẹ́ kí n wọ bọ́ọ̀sì pẹ̀lú wọn. Mi ò lọ sí kíláàsì. Mo rìn lọ, mo rìn bọ̀ nínú ilé títí mo fi gbọ́ kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́. Mo gbé omi fún Dádì lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n mu ún tán kí wọ́n tó wò mí.

"Mo jókòó tì í fún wákàtí kan. Mi ò gbọ́ nǹkan kan àfi ìró ìka rẹ̀. Á parí ẹ̀."

Mo dúpẹ́.

"Ó béèrè rẹ," ni wọ́n tún wí. "Mo ní kó kọ ti yunifásítì tán ná, lẹ́yìn náà kó kọ̀wé sí bàbá rẹ̀."

Mo ń ka ọjọ́ nínú ọkàn mi. Lẹ́tà á ti Manchester dé Òṣogbo, òmíràn á ti Òṣogbo dé Ìbàdàn, kí bàbá mi tó kọ tiwọn wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ì báà jẹ́ márùn-ún. Láàárín àkókò yẹn kan náà ni Akínlóyè yóò lè jókòó, tí wọ́n á sì gbé e wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sílé kí n tó tún rí i. Mo gba ife lọ́wọ́ Dádì, mo wọ kíṣìnì, mo sì ṣí omi ẹ̀rọ kó máa dà gidi gan-an, kí wọ́n má baà gbọ́ mi.