Kásẹ́ẹ̀tì Tí Ẹni Tó Tọ́jú Rẹ̀ Kì Í Gbọ́

Lọ́jọ́ Ajé tí ọlọ́pàá kó gbogbo kásẹ́ẹ̀tì Shuaib lọ, Uswat ló ń sunkún bí ẹni pé òun ló ni ṣọ́ọ̀bù.

Etí rélùwéè l'Ágége ni Shuaib ti ń dọ́bù, tó ń da orin inú kásẹ́ẹ̀tì kan kọ sínú òmíràn. Ìjọba ológun ní olè ni. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n SAP, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé dé, ti sọ kásẹ́ẹ̀tì ojúlówó di ọ̀wọ́n gógó, ta ló ráyè bá wọn jiyàn?

Nígbà ayé rẹ̀, ìyá Uswat ló ń ṣáájú orin fún ẹgbẹ́ àṣàlátù kan. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Onígbòǹgbò ló gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà sì ti kógbá sílé. Lẹ́yìn tí ìyá kú, Uswat gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ láàárọ̀, ó gbọ́ ọ lálẹ́, títí rẹ́kọ́dà fi jẹ ẹ́ wélewèle. Ti Shuaib nìkan ló mọ̀ pé ó kù.

Nígbà tó fi máa di Jímọ̀, pẹpẹ Shuaib tún ti ń kún. Ọ̀rọ̀ náà ya Uswat lẹ́nu. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń ṣọ́ àwọn tó ń wọlé. Ìyàwó ààfáà kan yọ kásẹ́ẹ̀tì orin ṣọ́ọ̀ṣì jáde lábẹ́ ìbòrí. Ọkùnrin kan tó so àgbélébùú mọ́rùn gbé wáàsí kalẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Shuaib, ṣé wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀sìn ni?"

Shuaib rẹ́rìn-ín. "Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Gbogbo ohun tí mo bá ní níbí, mo máa ń fún oníbàárà kan ní ẹ̀dà rẹ̀ kó bá mi tọ́jú. Mi ò sì jẹ́ fún ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn orin á gbọ́ ọ gbó. Ẹni tí kò kàn, ìsàlẹ̀ àpótí ló máa sọ ọ́ sí."

"Ti ìyá mi ńkọ́?"

"Ó wà lọ́wọ́ Tíṣà Gbénró, ará Èkìtì tó ń gbé l'Ábúlé Ẹ̀gbá. Ó ń bọ̀ lọ́la."

Gbénró mú un dé nínú láílọ́ọ̀nù lóòótọ́. Shuaib fi í sínú rẹ́kọ́dà. Ohùn ìyá jáde kedere, ó tilẹ̀ wúkọ́ díẹ̀ kí àwọn elégbè tó gbà á. Ó pẹ́ tí Uswat ti gbọ́ ikọ́ yẹn kẹ́yìn. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Tíṣà, ẹ ò gbọ́ ọ rí?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré, ẹ má bínú. Èdè Lárúbáwá inú rẹ̀ kò yé mi."

Shuaib dọ́bù rẹ̀, ó na ẹ̀dà tuntun sí Uswat. Ariwo ṣíṣíṣí wà nínú ìyẹn, ikọ́ náà kò sì hàn dáadáa mọ́. Uswat kò wò ó. Ti Gbénró ló gbá mọ́yà.

"Ìyá mi nìyí. Mi ò lè fún ẹnikẹ́ni."

Kò sẹ́ni tó bá a jà. Gbénró kàn ń wolẹ̀, Shuaib sì ń nu orí rẹ́kọ́dà. Nígbà tó yá, Uswat na kásẹ́ẹ̀tì náà padà sí Gbénró.

"Tíṣà, ẹ máa mú un lọ. Tó bá délé mi, mi ò ní lè ṣe kí n má gbọ́ ọ."

Gbénró wé e padà sínú láílọ́ọ̀nù. Uswat mú ẹ̀dà tuntun dání, ó sìn ín dé ìdíkọ̀, kò sì kúrò níbẹ̀ títí ọkọ̀ fi gbéra.