Okùn Ẹsẹ̀ Bàbá Mi

Ọkọ mi kì í bẹ̀rù ìgbì, àmọ́ ó ń bẹ̀rù bàbá mi. Kì í ṣe pé bàbá mi le o. Ẹni tó bá rí wọn á rò pé wọn ò lè lé eṣinṣin. Ọ̀wọ̀ ni. Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti mọ̀ wọ́n ló ti gbà pé àna ẹni kì í ṣe ẹni tí à ń tọ́ka àléébù rẹ̀ lójú rẹ̀. Ìyẹn ì bá má tiẹ̀ burú, bí kì í bá ṣe ti iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ìsọ̀ kan ni èmi àti ẹ̀ ní létí òkun. Iwájú ni òun ti ń yá àwọn èèyàn ní pátákó omi, ìyẹn pátákó gbọọrọ tí èèyàn ń dúró lé lórí, tí á máa fi àjẹ̀ tù ú lọ. Ó tún ń kọ́ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn ni èmi máa ń wà pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mò ń lẹ aṣọ rọ́bà tí wọ́n ń wọ̀ lọ sómi tó bá ya, mò ń pààrọ̀ síìpù tó ti kú. Ilẹ̀ ìsọ̀ yẹn kì í gbẹ, yanrìn sì wà nínú gbogbo nǹkan, títí kan tíì tí à ń mu.

Bí ohun kan bá wà tí ọkọ mi kì í fi ṣeré, okùn ẹsẹ̀ ni. Okùn rọ́bà tó so ọrùn ẹsẹ̀ mọ́ ìdí pátákó ni mò ń wí, kó lè jẹ́ pé bí èèyàn bá ṣubú sómi, pátákó ò ní fi í sílẹ̀ lọ. "Pátákó yín ni ọkọ̀ yín," ló máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. "Bí okùn yìí bá já, ẹ ti di ẹja nìyẹn, ẹ ò sì ní lẹbẹ́." Láràárọ̀ ló máa ń fa okùn kọ̀ọ̀kan láti orí dé ìdí, á tẹ̀ ẹ́ wò, á fi èékánná họ ibi tó bá fura sí. Èyí tó bá ti sán bí ẹsẹ̀ tí kò rí ìpara, tàbí tó nà tí kò sún padà mọ́, àlùmọ́gàjí ló máa bá a sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ti ẹlòmíì, ojú ẹni tó ni ín gan-an ló ti máa ń gé e, kí onítọ̀hún má baà mú un relé lọ ta á ní kókó. Gbogbo etíkun wá ń pè é ní Alálùmọ́gàjí.

Bàbá mi ńkọ́? Oníṣẹ́ bàtà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Dókítà ló ní kí wọ́n máa lo ara. Wọ́n ní àwọn ò lè máa sáré káàkiri àdúgbò bí ẹni tí ajá ń lé, ni wọ́n bá gba orí omi lọ, ó sì bá wọn lára mu. Tó bá ti di Sátidé, àwọn àti ìyá mi á rìn wá láti ilé wọn tí kò jìnnà. Ìyá mi á jókòó sábẹ́ agbòòrùn, wọ́n á máa bó ọsàn. Bàbá mi á gbé pátákó wọn sómi, wọ́n á dúró ṣánṣán lórí ẹ̀ bí ẹni tó ń retí bọ́ọ̀sì.

Okùn ẹsẹ̀ wọn ni wàhálà. Dúdú ni nígbà kan, oòrùn àti iyọ̀ ti sọ ọ́ di aláwọ̀ eérú. Ó ti lọ́ bí ìfun, ó ti sán káàkiri, irin kékeré tó yẹ kó máa yí kí okùn má baà lọ́ sì ti dípẹtà, kò yí fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ìdè tí wọ́n ń wé mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ nìkan ló dáa, torí pé nígbà tí ìyẹn fẹ́ tú, bàbá mi mú abẹ́rẹ́ àti òwú ìránbàtà, wọ́n rán an pa.

"Ẹ wo ojú abẹ́rẹ́ yẹn," ni wọ́n máa ń sọ fún ẹni tó bá dúró tì wọ́n. "Òkun á gbẹ kí èyí tó tú."

Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ibi tí wọ́n rán yẹn lágbára. Gbogbo ibi tó kù ni kò lágbára.

Ọkọ mi rí i. Bó bá ti ń wo okùn yẹn, ńṣe ló máa ń ṣe bí ẹni tí eyín ń dùn. Mo ní, "Gé e nù."

Ó ní, "Okùn bàbá ẹ? Kí n mú àlùmọ́gàjí lọ bá bàbá tó fún mi níyàwó, kí n gé ohun tó wà lẹ́sẹ̀ wọn? Ìwọ náà rò ó wò."

Ó wá dá ọgbọ́n. Bó bá ti rí bàbá mi nítòsí, á gbé ohùn sókè láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. "Ẹ̀yin èèyàn mi! Okùn tó bá ti sán, iṣẹ́ ẹ̀ ti parí! Bí irin ẹ̀ ò bá yí mọ́, ẹ má fi sẹ́sẹ̀! Kódà bí ẹ ò rí nǹkan kan lára ẹ̀, ẹni tó bá ń wọ omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó pààrọ̀ ẹ̀ bí ọdún bá ti yípo, torí inú lòòrùn àti iyọ̀ ti ń jẹ rọ́bà wá síta!"

Bàbá mi á mi orí, wọ́n á yíjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. "Ẹ gbọ́ ohun tí àna mi ń sọ o. Àwọn kan ò kúkú fẹ́ràn ara wọn."

Lọ́sẹ̀ kan, ó gbé okùn tuntun, tòun ti ọ̀rá rẹ̀, lé orí pátákó bàbá mi, ó sì sá wá bá mi lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. A jọ ń yọjú. Bàbá mi mú un, wọ́n yí i síwá yí i sẹ́yìn, wọ́n gbé e wọ inú ìsọ̀. "Ẹnì kan gbàgbé ọjà sórí pátákó mi," ni wọ́n wí. "Ẹ bá a tọ́jú ẹ̀, kó má baà máa wá a kiri."

Ọkọ mi fi orí ti aṣọ rọ́bà tó wà lórí ìkọ́.

Nígbà tó sú mi, mo ní màá bá wọn sọ ọ́ fúnra mi. Ó dì mí lápá mú. "Jọ̀ọ́, má dárúkọ mi o. Má jẹ́ kó dà bíi pé mò ń rojọ́ wọn lẹ́yìn."

Mo bá wọn nílé, wọ́n ń kun bàtà ìyá mi. Mo ní, "Bàbá mi, okùn ẹsẹ̀ yín yẹn ti gbó o. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ẹ̀."

Búrọ́ọ̀ṣì dúró lọ́wọ́ wọn. "Ṣé ọkọ ẹ ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Rárá o," ni mo yára dáhùn. "Òun ò sọ nǹkan kan."

Ara wọn balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. "Bí òun ò bá ti sọ nǹkan kan, kò séwu." Wọ́n tún ń kun bàtà lọ. Ó yà mí lẹ́nu pé inú wọn dùn tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ mi ò béèrè ìdí.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, òkun pa rọ́rọ́ láàárọ̀ bí omi inú abọ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti orí ilẹ̀ lọ sójú òkun, ọkọ mi sì fun fèrè kí gbogbo èèyàn máa bọ̀. Gbogbo èèyàn bọ̀. Bàbá mi náà ń bọ̀, àmọ́ wọ́n fẹ́ kí ìyá mi kọ́kọ́ rí bí wọ́n ṣe ń yí pátákó po lójú kan. Wọ́n rìn sẹ́yìn pátákó, imú ẹ̀ gbé sókè, wọ́n gún àjẹ̀ sómi, wọ́n yí i bírí. Ó wuyì. Ìyá mi pàtẹ́wọ́. Bí ìyá mi ṣe pàtẹ́wọ́ ni bàbá mi ní àwọn á tún un ṣe.

Ẹ̀ẹ̀kejì yẹn ni ìgbì kékeré kan gbá pátákó nídìí. Bàbá mi fẹ̀yìn lalẹ̀ sómi gbàmù!

Ṣíṣubú kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ wa. Wọ́n wọ aṣọ tó ń gbéni léfòó, orí wọn sì yọ lójú ẹsẹ̀. Pátákó ni kò dúró. Ó fa okùn náà le, okùn náà dún tàà bí ìgbà tí rọ́bà ṣòkòtò bá já láwùjọ, pátákó sì kọrí sí àárín òkun bí ewúrẹ́ tó já okùn lọ sóko ẹ̀gẹ́.

"Pátákó mi!" Bàbá mi ń jùwọ́. "Ẹ bá mi mú un o!"

Kí n tó pariwo, ọkọ mi ti wà lórí tiẹ̀, lórí eékún, ó ń tu àjẹ̀ bí ẹni tí oyin ń lé. Ìyá mi ti fò dìde, ọsàn ti yí káàkiri nínú yanrìn. Nígbà tí mo rí i pé ó ti gbá ẹ̀yìn aṣọ bàbá mi mú, tó sì fà wọ́n sórí pátákó, ni mo tó lè mí. Wọ́n dojú bolẹ̀ síwájú, ọkọ mi kúnlẹ̀ sẹ́yìn wọn. Láti etí omi là ń gbọ́ ohùn wọn.

"Fi mí sílẹ̀, lé pátákó!"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín kúrò lójú mi!"

Obìnrin kan tó máa ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èrò sọdá ló bá wa lé pátákó bá. Ó so ó mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó wọ́ ọ wá sétí omi, gbogbo èrò inú ọkọ̀ sì ń yọ ọrùn wò wá. Ó gbé okùn tó kù lára pátákó sókè.

"Ta ló ni èyí? Okùn tí kò lè mú adìyẹ! Ṣé Alálùmọ́gàjí ti kó kúrò létíkun yìí ni?"

Ọkọ mi ń wo yanrìn. "Mo wà ńbí, mà."

"O wà ńbí kẹ̀? Àlùmọ́gàjí ẹ wá ńkọ́? Ó rìnrìn àjò?"

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín sì ń gbọ̀n wọ́n léjìká. Obìnrin náà ti pátákó sọ́dọ̀ wa, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Bàbá mi jókòó sórí yanrìn, omi ń kán lára wọn, ìdè tí wọ́n rán ṣì wà lọ́rùn ẹsẹ̀ wọn digbí. Ọkọ mi lóṣòó síwájú wọn. "Bàbá, ẹ má bínú. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i pé okùn yẹn ti kú."

"O rí i?"

"Mo rí i, sà. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún yín ni."

Bàbá mi nu omi ojú wọn. "Èmi náà rí i."

Ìyá mi ní, "Ẹ rí kí ni?"

"Mo rí i! Ṣé èmi tí mo fi gbogbo ayé mi ṣiṣẹ́ bàtà ni mi ò ní mọ rọ́bà tó ti kú?" Wọ́n nawọ́ sí ọkọ mi. "Ìwọ lo fún mi lókùn yìí. Ọjọ́ tí o kọ́kọ́ wá sílé wa, o ti gbọ́ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra pátákó. Gbogbo nǹkan yòókù tí o kó wá lọ́jọ́ náà, mo ti gbàgbé. Àmọ́ o bẹ̀rẹ̀ níwájú mi, o fọwọ́ ara ẹ wé okùn yìí mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Nígbà tí o lọ tán, mo sọ fún ìyàwó mi pé ọmọ la bí yìí, kì í ṣe àna. Ṣé kí n wá já irú ẹ̀ sọnù, kí o máa rò pé mi ò ka ẹ̀bùn ẹ sí? Mo ní tí ó bá ti tó pààrọ̀, ìwọ lo máa sọ. Mo tiẹ̀ bi ọmọ mi bóyá o ti sọ nǹkan kan. Ó ní rárá."

Gbogbo wọn wò mí. Ó wá kan èmi náà láti wo yanrìn.

"Mo ti gbàgbé pé èmi ni mo fún yín, sà. Ariwo tí mo máa ń pa fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá ńkọ́?"

"Mo ní tó bá jẹ́ èmi lò ń bá wí, wàá pè mí."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó pa ọsàn wọn. "Ẹ̀yin méjèèjì! Ẹ ń bọ̀wọ̀ fúnra yín, ó kù díẹ̀ kẹ́ ẹ sọ mí dopó. Ẹ bọ̀wọ̀ fún okùn, ṣé òkun mọ̀wọ̀ ni?"

Ọkọ mi lọ mú okùn tuntun wá, èyí tó gùn tó pátákó. Ó pààrọ̀ okùn tín-ín-rín tó so ó mọ́ ìdí pátákó pẹ̀lú, ó ní bí ìyẹn bá gbó, asán ni gbogbo ẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀: kí wọ́n máa fi omi tí kò níyọ̀ ṣàn án, kí wọ́n fi kọ́ síbi tí oòrùn ò sí, kí wọ́n má sì wé e le mọ́ pátákó. Ó ní, "Bó bá sì fà yín gidi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó nà, ẹ má dúró dọdún, sà. Ẹ mú un wá."

"O ṣeun," ni bàbá mi wí. "Láti òní lọ, ohun tó bá wà nínú ẹ, máa sọ ọ́ jáde fún mi."

"Ẹ̀yin náà, sà."

"Èmi náà? Ó dáa. Àga pálọ̀ yín yẹn, ó ń pa mí lẹ́yìn."

Èmi ni mo ra àga yẹn.

"Orin tí o sì máa ń kọ lórí omi," ni wọ́n tún ní, "ohùn ẹ ò gbé e rárá."

Ọkọ mi mí kanlẹ̀. "Ẹ ṣeun, sà. Tí a bá ń wo bọ́ọ̀lù, Bàbá, ẹ kì í jẹ́ kí n gbọ́ nǹkan kan. Ẹ ti máa ń sọ ẹni tó máa gbá a wọlé kó tó gbá a."

"Torí mo mọ̀ ọ́n ni!"

"Ẹ kì í mọ̀ ọ́n, sà!"

Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ nìyẹn. Mi ò rí ọkọ mi kí ọkàn ẹ̀ fúyẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá mi rí.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, tí atẹ́gùn ti sinmi, ìyá mi bọ́ bàtà wọn. Wọ́n ní, "Pátákó yìí, ṣé ó lè gbé èèyàn méjì?"

Bàbá mi yíjú. "Ta lẹnì kejì?"

"Èmi náà fẹ́ mọ ohun tó wà lórí omi tẹ́ ẹ̀ ń fi mí sílẹ̀ lọ bá."

A wọ aṣọ tó ń gbéni léfòó fún wọn, a gbé wọn jókòó síwájú pátákó, níbi tí omi ò kọjá ìbàdí. Ọkọ mi ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó. Bàbá mi kúnlẹ̀ sẹ́yìn, okùn tuntun wà lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n sì ń tu àjẹ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù tí mi ò rí lójú wọn nígbà tí òkun fẹ́ gbé wọn lọ. Ìyá mi ò wẹ̀yìn. Wọ́n na ìka síwájú bí ẹni tó ń júwe ilé fún awakọ̀.

"Ẹ yà sọ́tùn-ún. Ẹ rọra. Ọ̀tún ni mo wí o!"