Òrí Lára Wàláà

Tàdáà náà kò dúró. Àáfà Búsàrí tún ti kàlámù ìkọ̀wé bọ inú rẹ̀, ó tún fà á lórí wàláà, pátákó tí wọ́n fi ń kọ́ kéú, ṣùgbọ́n bí ó ti ń fà á ni ó ń ṣù jọ, tí ó ń yọ̀ bọ́ sílẹ̀ bí omi orí ewé kókò. Àáfà gbé ojú sókè.

“Ọdẹ́wálé, kí ni o fi pa wàláà yìí?”

Ọdẹ́wálé kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ nínú òtútù ìdájí, ètè rẹ̀ ti bó, ọyẹ́ ti sọ irun ipéǹpéjú rẹ̀ di funfun. “Òrí ni, Àáfà.”

“Òrí?”

“Òrí ni, Àáfà.”

Àwọn ọmọ kéú tí wọ́n yí iná ká bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní kí wọ́n yáa sun wàláà náà pọ̀ mọ́ iṣu, ó ti lọ́ràá tó. Àáfà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó fi ìka kan ra igi náà, ó wo bí ìka náà ti ń dán.

“Kí ló dé tí o fi ṣe bẹ́ẹ̀?”

“Mo rí i pé ó fẹ́ máa là, Àáfà. Ọyẹ́ ọdún yìí burú. Nílé wa, bí ọyẹ́ bá ti wọlé, Baba wa á fi òrí pa ọrun, á fi pa èèkù àáké, á fi pa gbogbo ohun tí a fi igi ṣe kí ó má baà sán. Èmi náà wá fi pa wàláà. Mo pa á ní ìrọ̀lẹ́ àná, mo sì tún pa á láàárọ̀ yìí.”

“O tún pa á láàárọ̀ yìí,” Àáfà wí jẹ́jẹ́. “Iṣẹ́ rẹ pé.”

Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí ó sọ nìyẹn, ó sì dun Ọdẹ́wálé ju kí ó nà án lẹ́gba lọ. Wàláà Àáfà fúnra rẹ̀ ni, èyí tí ó fi kọ́ kéú ní Ìlọrin nígbà tí ó wà lọ́mọdé. Igi apá ni, ó ti pẹ́ débi pé etí rẹ̀ ti jẹ. Òun ni Àáfà yá Ọdẹ́wálé lọ́jọ́ tí ó dé, tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ ju ẹní àti iṣu lọ. Lọ́la sì ni bàbá rẹ̀ ń bọ̀ wá mú un.

Ní Ìgbàjà nígbà náà, oríṣi ọmọ kéú méjì ni ó wà. Àwọn kan ń gbé ilé Àáfà tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn kejì ni ọmọ àgbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ọmọ ọyẹ́. Bí iṣu bá ti wọ abà, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, wọ́n á ká ẹní, wọ́n á wá sí kéú. Bí òjò bá sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, tí ó di àsìkò ebè kíkọ, àwọn bàbá wọn á wá kó wọn padà sóko. Àwọn onílé a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé òjò ní ń bá wọn fọ wàláà.

Ọdẹ́gbàmí, bàbá Ọdẹ́wálé, jẹ́ àgbẹ̀ àti ọdẹ ní Àrán-Ọ̀rin. Kì í kírun. Ògún tí bàbá rẹ̀ bọ ni òun náà ń bọ. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ ní òun fẹ́ kọ́ kéú, kò bá a jà, kò sì yọ̀ fún un. Ó ní: “Lọ fi ọyẹ́ yìí dán an wò. Lọ́jọ́ tí mo bá wá mú ọ, o ó ka apá àkọ́kọ́ nínú Kùránì tán lójú mi. Bí o bá kà á tán, wàá padà lọ́yẹ́ tó ń bọ̀. Bí o kò bá lè kà á, ọkọ́ ń dúró dè ọ́, ọ̀rọ̀ kéú parí nìyẹn.” Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló kù nínú apá àkọ́kọ́ yìí. Ẹ̀kọ́ náà ni tàdáà kò dúró fún.

Ọdẹ́wálé kò sì fẹ́ lọ láìní padà wá. Òtútù ilé yìí kì í ṣeré, ebi rẹ̀ náà kì í ṣeré. Igi ni wọn a kọ́kọ́ ṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, omi tí wọn á sì fi ṣàlùwàlá a máa já ni lára jẹ. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá jókòó yí iná ká, tí oníkálùkù gbé wàláà tirẹ̀ lé orúnkún, tí ohùn wọn pa pọ̀, ọkàn rẹ̀ a máa kún. Kò tíì sí ibì kan tí ó ti rí irú rẹ̀.

Ó gbé wàláà lọ sẹ́yìnkùlé. Ó fi eérú fọ̀ ọ́, ó fi yanrìn rà á, ó fi ewé ìpín ha á títí ìka rẹ̀ fi bó. Ó gbé e sínú oòrùn kí ó gbẹ. Oòrùn mú un, òrí tí ó ti wọnú igi sì tún ń yọ jáde, ó ń dán gbinrin. Ibẹ̀ ni Hàwáù, ìyàwó Àáfà, ti bá a.

“Ṣé òrí tí mo fún ọ pé kí o fi pa gìgísẹ̀ náà nìyẹn?”

“Òun ni, Ìyá.”

Hàwáù wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Gìgísẹ̀ méjèèjì ti là, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí ojú ọ̀kan. “O wá fi ẹsẹ̀ sílẹ̀, o ń pa igi.”

“Kò tó méjèèjì, Ìyá. Mo ní ẹsẹ̀ á san bó pẹ́ bó yá. Wàláà Àáfà ni kò gbọ́dọ̀ là.”

Obìnrin náà ti ya ẹnu láti bá a wí, ṣùgbọ́n ó kàn wọlé tọ ọkọ rẹ̀ lọ. Ọdẹ́wálé gbọ́ ohùn wọn díẹ̀, lẹ́yìn náà Àáfà jáde.

“N kò bínú sí ọ,” Àáfà wí. “Àṣìṣe ẹni tó fẹ́ràn nǹkan ni. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ òfin ilé yìí. A kì í fi etí nìkan gba ẹ̀kọ́. Ohun tí mo bá fi ọwọ́ ara mi kọ fún ọ ni o ó kà, a kò sì lè gbẹ́ tuntun lónìí, igi apá tútù kò ṣeé kọ. Àfi kí o rí wàláà tó ṣófo.”

Kò sí wàláà tó ṣófo. Ẹ̀kọ́ wà lára gbogbo wọn, a kì í sì í fọ ẹ̀kọ́ tí a kò tíì kà fún Àáfà. Ẹni tí ó bá fọ̀ ọ́, ó ti padà sẹ́yìn nìyẹn. Ó di ìgbà tí ó bá tún kàn án kí Àáfà tó kọ ọ́ fún un padà. Ọdẹ́wálé kò lè bẹ ẹnikẹ́ni. Irú ẹ̀bẹ̀ wo nìyẹn? Ó jókòó ti ògiri, ó ń ronú ohun tí yóò wí fún bàbá rẹ̀.

Ó gbọ́ ìró omi, ó sì yíjú. Gana ló rí.

Ọmọ Tápà ni Gana. Ogun ló gbé bàbá rẹ̀ lọ, Àáfà ló tọ́ ọ dàgbà. Orí rẹ̀ kì í tètè gba ẹ̀kọ́. Ó ti ń bá èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jà láti ìgbà tí ọyẹ́ ti wà ní kékeré, ó sì ti fọ́nnu fún gbogbo ilé pé lọ́jọ́ Jímọ̀ òun á kà á bí ẹni mu ẹ̀kọ gbígbóná. Òun àti Ọdẹ́wálé ni wọ́n jọ ń sùn lórí ẹní kan, tí wọ́n jọ ń fa aṣọ kan mọ́ra. Òun ló gbé igbá sílẹ̀ yìí, tó ń da omi sórí wàláà rẹ̀, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ rà á. Omi tó ń sàn sínú igbá ti dú.

“Gana! O ò tíì kà á!”

“Mo mọ̀.”

“O ò tíì kà á fún Àáfà o!”

“Ṣé èmi ni kò mọ̀ ni?” Gana gbé igbá náà sẹ́nu, ó mu omi dúdú náà tán pátá bí ẹni tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì nu ẹnu. “Ó ti wà níkùn mi báyìí. Ibo ló máa gbà sá lọ?”

“Kí ló dé tí o fi ṣe èyí?”

“Èmi kò ní bàbá tó ń bọ̀ lọ́la,” Gana wí. “Ẹ̀kọ́ tèmi lè dúró.”

Ó na wàláà tútù náà sí i. Ọdẹ́wálé gbà á. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Gana ní kí ó rọra, kí ó má tún kán omi mìíràn sórí wàláà, àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sá a gbẹ ni.

Nígbà tí wọ́n gbé e dé iwájú Àáfà, Àáfà wo wàláà, ó wo Gana.

“O mọ̀ pé o ti padà sẹ́yìn?”

“Mo mọ̀, Àáfà.”

Àáfà ti kàlámù bọ inú tàdáà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Tàdáà náà dúró. Ọdẹ́wálé kà á títí oòrùn fi wọ̀, ó tún jí kà á kí àkùkọ tó kọ.

Ọdẹ́gbàmí dé lọ́jọ́ kejì nígbà tí oòrùn ti ń rọlẹ̀, eruku ọyẹ́ bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ru iṣu àti ìṣà oyin kan. Ọdẹ́wálé sáré dọ̀bálẹ̀.

“Dìde. O rù,” bàbá rẹ̀ wí. Ó kọjú sí Àáfà. “Àáfà, ẹ kú ọyẹ́ o. Mo pa ìgalà kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ kì í jẹ ẹran tí ẹ kò dúḿbú. Oyin kò ní ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn.”

Àáfà rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, ó ní kí wọ́n tẹ́ ẹní fún un. Lẹ́yìn tí ó ti jẹun, wọ́n pe Ọdẹ́wálé. Ó gbé wàláà Gana lé orúnkún, ó ka àwọn ẹ̀kọ́ tí ó ti há sórí, ó sì bọ́ sórí èyí tó kẹ́yìn. Eruku há a lọ́fun ní àárín, ó dákẹ́, ó wúkọ́, àyà Gana sì já níbi tó jókòó sí. Ó tún mú un láti ibi tí ó ti já, ó sì kà á dé òpin.

Bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ ra irùngbọ̀n. “Ohùn rẹ dùn. Ṣùgbọ́n èmi kò gbọ́ èdè náà, ẹni tí kò gbédè kò lè dájọ́. Mo mọ̀ pé o kà á tán, mo sì ṣèlérí. Àmọ́ ẹ̀yìn ń dùn mí, Ọdẹ́wálé. Oko tóbi. Tí o bá ń lọ lọ́dọọdún, ta ni yóò máa bá mi ṣe é?”

Ọdẹ́wálé kò lè bá bàbá rẹ̀ jiyàn, nítorí òótọ́ ni. Ọdẹ́gbàmí ti ń wo ibòmíràn ní tirẹ̀. Wàláà Àáfà ni ó rí lára ògiri, níbi tí wọ́n gbé e kọ́ sí.

“Ta ló fi òrí pa igi yìí dáadáa báyìí?”

Hàwáù ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àwọn yòókù sì gbè é. Ọdẹ́wálé dojú bolẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́.

“Èmi ni mo kọ́ ọ,” Ọdẹ́gbàmí wí. “Ẹ̀kọ́ tèmi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ẹ̀kọ́ yín jẹ́. Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

“Kí ni n ó bínú sí? Kòkòrò kankan kò lè jẹ ẹ́ mọ́.”

“Ta ló wá ni èyí tí o fi kà á?” Ọdẹ́gbàmí bi ọmọ rẹ̀.

“Gana ni, Baba.”

Ọdẹ́gbàmí wo ọmọ Tápà náà títí. “Iṣẹ́ tìrẹ wà lára rẹ̀, o sì fọ̀ ọ́?”

“Ẹ̀ẹ̀n, Baba.”

“Nítorí ọmọ mi?”

“A jọ ń sùn lórí ẹní kan ni, Baba.”

Ọdẹ́gbàmí mí kanlẹ̀. “Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Èmi kì í ṣe ọlọ́ṣà. Àáfà, n kò mọ ohun tí ẹ ń kà níbí, ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tí ẹ ń kọ́ wọn. Ọmọ mi á padà wá lọ́yẹ́ tó ń bọ̀. Mo sì ní ẹ̀bẹ̀ kan. Bí òjò bá rọ̀, ibo ni Gana ń lọ?”

“Ibí yìí náà ni ó ń wà.”

“Ẹ yá mi. Kí ó wá bá wa kọ ebè, kí ó jẹ iṣu tuntun lọ́dọ̀ wa. Ìyá Ọdẹ́wálé á tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ. Bí ọyẹ́ bá fẹ́, méjèèjì ni n ó sìn wá. Igi apá kan wà létí oko mi tí iná igbó ti pa, ó ti gbẹ dáadáa. N ó gbẹ́ wàláà méjì lára rẹ̀.” Ó ronú díẹ̀. “N kò ní fi òrí pa á.”

Àáfà béèrè lọ́wọ́ Gana bóyá ó fẹ́ lọ. Gana ń mi orí ṣáá pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì kún fún omi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọdẹ́wálé fọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ sínú igbá. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, òun nìkan ló yẹ kí ó mu ún. Ó mu ìdajì, ó gbé ìyókù fún ọ̀rẹ́ rẹ̀.

“Ṣé o fẹ́ kí n mọ tìrẹ kí n tó mọ tèmi ni?” Gana wí, ó sì mu ún tán.

Àáfà gba wàláà náà, ó tún kọ ẹ̀kọ́ Gana sórí rẹ̀ láì dúró de ìgbà tí yóò kàn án, ó ní kí ó máa kà á lábẹ́ igi nígbà tí wọ́n bá sinmi nídìí ebè. Hàwáù jáde, ó mú òrí tuntun lọ́wọ́ nínú ewé.

“Ẹsẹ̀ o!” ó pariwo. “Ẹsẹ̀ ni mo wí!”

Àwọn méjèèjì jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n fi òrí náà pa gìgísẹ̀ wọn, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Ọdẹ́gbàmí sì dúró dè wọ́n títí wọ́n fi pa á tán.